Ṣúgà Tí Kò Gba Ẹnu Wọlé

Mọ́mì mi ọ̀wọ́n,

Dádì ń gbààwẹ̀ o. Mo ní kí n tètè sọ ọ́, nítorí ẹ kò fẹ́ràn kí ènìyàn máa yí ọ̀rọ̀ po kó tó débi tó ń lọ. Ààwẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí gbogbo ìjọ máa ń gbà ni, àmọ́ Dádì ò gbà á bí ìjọ ṣe ń gbà á. Àwọn ará ìjọ ń ṣínu nírọ̀lẹ́. Dádì ń so ọjọ́ kan mọ́ èkejì ni, omi lásán kì í kan ètè wọn. Bí wọ́n bá sì wá ṣínu, ife ògì kan ni, wọn kì í mu ún dé ìdajì. Oògùn ṣúgà wọn wà lórí tábìlì níbi tí ẹ máa ń gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì wọn. Àràárọ̀ ni wọ́n ń gbé Bíbélì. Oògùn ti ń gba eruku.

Ẹ̀rù ń bà mí, Mọ́mì. Ẹ̀rù ń bà mí pé n ó sin wọ́n tẹ̀lé yín, mi ò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Kí n sọ̀rọ̀ ilé díẹ̀ ná. Ọyẹ́ ọdún yìí le, a ń nu fèrèsé lówùúrọ̀, ó ń funfun padà kó tó di ọ̀sán. Aládùúgbò wa ti ìsàlẹ̀ ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé, gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe sọ pé yóò ṣe é, ó sì ti dí ọ̀nà tí ẹ máa ń gbà lọ sá aṣọ. Gbogbo Fẹ́sítáàkì ló ń yọ ṣọ́ọ̀bù síta báyìí. Bọ̀dá ṣì ń gbé ní Sátẹ́láìtì Táùn pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ. Wọ́n ní bí àwọn tánkà bá ti pọ̀ lójú títì, òórùn epo á wọlé tọ̀ wọ́n dé inú ìkòkò ọbẹ̀. Èmi ṣì ń ka ìwé oyè kejì mi, mo ṣì ń ti Máìlì Tù wọkọ̀ lọ sí yunifásítì. Kò tíì sí ọkọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má tíì béèrè.

Èyí ni ààwẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ìyẹn sì ni gbogbo ìṣòro náà. Ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ ṣe ń ṣe é. Ọdọọdún ni Pásítọ̀ máa ń sọ ọ́ láti orí pẹpẹ pé kí àwọn tó ń lo oògùn má gbààwẹ̀, ọdọọdún sì ni Dádì máa ń ní àwọn aláìlera nínú ìgbàgbọ́ ni wọ́n ń bá wí. Ẹ kì í bá wọn jiyàn. Ẹ ó dúró títí di àdúrà ilé, ẹ ó ṣí Bíbélì, ẹ ó ní ọkọ àti aya ti di ara kan. Ẹ ó ní bó bá jẹ́ ara kan ni, ikùn kan náà ni. Bí ẹ̀gbẹ́ kan ikùn bá ti ń gbààwẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ kejì máa jẹun kí ara má bàa ṣubú. Dádì tó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n wà ní mínísírì, fáìlì kan ò gbọdọ̀ kọjá lọ́dọ̀ wọn láìjẹ́ pé wọ́n rí àṣìṣe nínú rẹ̀, wọn ò rí àṣìṣe nínú ìyẹn. Wọ́n á ranjú mọ́ Bíbélì láti inú gíláàsì ojú wọn, wọ́n á ní kò burú.

Báyìí lẹ ṣe ń gbààwẹ̀ ẹni méjì. Ẹ ó fi ìborùn di ikùn yín pinpin, ẹ ó gbé ẹ̀wà àti ẹja síwájú wọn lọ́sàn-án gangan, ẹ ó sì dúró tì wọ́n bí olùdánwò. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ó fi ẹ̀yìn ṣíbí tọ́ tíì wọn wò kó má lọ jẹ́ pé mo ti ṣèèṣì fi ṣúgà sí i, nígbà tẹ́ ẹ bá wá rántí pé ẹ ń gbààwẹ̀, ẹ ó sáré lọ tu ú dànù lójú fèrèsé. Èmi àti Bọ̀dá á máa rẹ́rìn-ín. Ta ló tún máa tọ́ tíì wò fún wọn báyìí?

Mo gbìyànjú láti bọ́ sí ipò yín. Mo kúnlẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo ní kí n bá wọn gbà á, kí wọ́n máa jẹun. Wọ́n fi ọwọ́ kàn mí lórí.

"Ọmọ kì í ṣe ara kan pẹ̀lú bàbá ẹ̀," ni wọ́n sọ. "Lọ ka Bíbélì ẹ dáadáa."

Mo lọ kà á, Mọ́mì. Òótọ́ ni, kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ parí, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún ìka wọn láàárọ̀, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ṣúgà, tí ẹ rà fún wọn yẹn. Wọ́n pè mí wá sí pálọ̀. Nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ náà ga ju èyí tí wọ́n rí kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lọ, ó sì ga jù ú lọ dáadáa.

"Kí ni mo jẹ lánàá?"

"Ẹ ò jẹ nǹkan kan, sà."

"Ìjẹta ńkọ́?"

"Ògì díẹ̀, sà. Ẹ ò mu ún tán."

"Ibo wá ni ṣúgà yìí ti wọlé?" Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn. "Ṣó o rí i báyìí? Ṣúgà tí ò gba ẹnu wọlé, oògùn tó ń gba ẹnu wọlé ò lè ká a. Eléyìí kì í ṣe ti ara mọ́. Ọ̀tá ló wà nídìí ẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti fọwọ́ kan oògùn. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ yẹn gún régé. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó wà nínú ara ènìyàn, kò sí bó ṣe máa gbọ́ ọ tí kò ní gbà pé òótọ́ ni. Èmi tí mo mọ̀ pàápàá, ó kọ́kọ́ fẹ́ wọ̀ mí létí.

Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, nítorí ohun tí mò ń kọ́ lójoojúmọ́ gan-an nìyí, ẹ sì kú kí n tó lè sọ fún yín kí ni mò ń fi gbogbo ọdún wọ̀nyí ṣe. Ṣé ẹ rántí gilisẹríìnì tí ẹ máa ń fi pa wá létè lásìkò ọyẹ́? Bọ̀dá á ti lá tiwọn tán kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà, nítorí ó dùn, ẹ ó sì tún pa òmíràn fún wọn, ẹ ó máa bú wọn. Nǹkan yẹn náà wà nínú ọ̀rá ara wa. Gilisẹrọ́ọ̀lù là ń pè é níléèwé. Òun ló di ọ̀rá mú pọ̀ bí okùn ṣe ń di ìgbálẹ̀. Bí ènìyàn ò bá jẹun, ara á tú ìgbálẹ̀ náà, gilisẹrọ́ọ̀lù á wá gba ilẹ̀kùn kékeré kan tó wà lára ọ̀rá jáde sínú ẹ̀jẹ̀, á gba ibẹ̀ dé ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ náà ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Bó bá ti gba ibẹ̀ wọlé, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di ṣúgà, á sì dá a padà sínú ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe ṣúgà, àmọ́ bí ebi bá ti pẹ́ lára ènìyàn, ó wà lára ohun tó ń lò. Iṣẹ́ Ọlọ́run tó dára ni, kí ọpọlọ má bàa kú nígbà tí ẹnu bá dákẹ́.

Ínsúlíìnì, ohun tí ara fi ń kó ṣúgà níjàánu, ló yẹ kó sọ fún ilẹ̀kùn méjèèjì pé ó tó, ẹ padé. Lára Dádì, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, etí ara sì ti di sí i. Ọ̀rá ń tú, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, ẹ̀dọ̀ sì ń se ṣúgà bí ẹni pé ìyàn mú, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti kún fún ṣúgà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi jẹun tí nọ́ńbà sì ń gòkè. Kò sí ọ̀tá kankan láti ìta. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Oògùn tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ yẹn gan-an, ẹ̀dọ̀ ló ń bá wí pé kó rọra. Ṣúgà tí kò gba ẹnu wọlé ni wọ́n ṣe é fún!

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní kí wọ́n kúkú wá nǹkan ti ilẹ̀kùn náà pa. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣèwádìí ti dán an wò lára eku. Eku tí kò ní ilẹ̀kùn ti ọ̀rá, gilisẹrọ́ọ̀lù há sínú ọ̀rá rẹ̀, ọ̀rá ń wú sí i, eku di ràbàtà. Èyí tí kò ní ti ẹ̀dọ̀, gilisẹrọ́ọ̀lù kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ káàkiri. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ilẹ̀kùn tó mọ ìgbà tó yẹ kí òun ṣí àti ìgbà tó yẹ kí òun padé ni ara ń fẹ́. Mo mọ orúkọ méjèèjì, mo lè ya wọ́n sórí pátákó, mo sì ń gba máàkì nínú rẹ̀. Nínú ara bàbá mi, mi ò lè ti ọ̀kankan.

Mo jókòó ti Dádì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó bá nílànà. Wọ́n ń béèrè ìbéèrè tó dáa. Wọ́n béèrè bóyá ilẹ̀kùn ọ̀rá ikùn àti ti itan kan náà ni. Wọ́n béèrè pé ta ló rán gilisẹrọ́ọ̀lù níṣẹ́. Inú mi ń dùn, mo rò pé mo ti mú wọn. Bí mo ṣe parí, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ ṣeun Jésù! Ọlọ́run ti kó oúnjẹ pamọ́ sí mi lára kí n tó mọ̀ pé n ó gbààwẹ̀. Mi ò jẹ, síbẹ̀ mò ń jẹ. Ṣé ìwọ náà ò rántí opó tí òróró ẹ̀ ò gbẹ?"

"Dádì, ti opó yẹn ò gbẹ. Tiyín ń tán lọ. Ẹ wo bẹ́líìtì yín, sà."

"Sayẹ́ǹsì ẹ ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi."

Mọ́mì, ìṣó ni wọ́n fi lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì yẹn. Lọ́jọ́rú, níbi ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì, wọ́n dìde jẹ́rìí. Wọ́n ní ọmọbìnrin tí àwọn bí, tó ń ka ìwé gíga, ló ṣàlàyé fún àwọn bí Ọlọ́run ṣe ń bọ́ ènìyàn láti inú wá, ni àwọn ènìyàn bá pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo dìde, mo tẹríba, mo tún jókòó. Kí ni ǹ bá ṣe? Wọn ò sọ fún ìjọ pé àwọn ti pa oògùn tì, ẹnu mi ò sì gbà á láti dójú ti bàbá mi láàárín ìjọ. Lẹ́yìn ìsìn, mo bá Pásítọ̀ ní kọ̀rọ̀. Pásítọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ lóòótọ́, Dádì sì fi ọ̀wọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún so ọjọ́ méjì pọ̀.

Bọ̀dá wá láti Sátẹ́láìtì. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nílẹ̀ pálọ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀. Dádì súre fún wọn títí, iṣẹ́, ọmọ, ìyàwó, wọ́n tún súre fún mọ́tò wọn tó máa ń kú lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo sin Bọ̀dá dé ìsàlẹ̀, wọ́n gbára lé mọ́tò náà, wọn ò lè wo ojú mi.

"Ká fọ́ọ̀sì wọn ni? Ṣé kí n di Dádì lọ́wọ́ mú, kí ìwọ da oògùn sí wọn lẹ́nu? Àbúrò, ó ti sú mi o. Mọ́mì nìkan ló mọ ọ̀nà wọn."

Wọ́n wakọ̀ lọ. Èmi náà mọ̀ pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ọ̀nà wọn. Kí ló dé tí ẹ ò fi kọ́ wa?

Mo ronú kan ọgbọ́n kan. Abẹ́rẹ́ kì í gba ẹnu wọlé, àbí? Mo ní bó bá jẹ́ pé ti ẹnu ni wọ́n kọ̀, bóyá wọ́n á gba ti apá. Mo lọ sí ilé ìwòsàn tó wà ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, mo ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó sì fi sùúrù gbọ́ mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ má dán an wò. Abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì fún ẹni tí ò jẹun? Ṣúgà wọn lè já wálẹ̀ lójijì, wọ́n lè má jí mọ́. Ẹ ṣáà mú wọn wá ká rí wọn."

Ẹ bá mi rò ó. Bí ṣúgà bá lọ sókè, ikú ni. Bí mo bá fi ipá fà á wálẹ̀ nínú ebi, ikú náà ni. Dádì tó yẹ kí n mú wá sì ní àwọn ò ṣàìsàn, pé àwọn ológun ọ̀run ló ń bá àwọn ja ìjà náà. Mo fẹsẹ̀ rìn padà sílé láti Amúwo, mi ò lè wọkọ̀, nítorí mò ń sunkún, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí pé kí ló ṣe mí.

Láti ìgbà yẹn ni oúnjẹ ò ti wọ̀ mí mọ́. Kì í ṣe ààwẹ̀, kì í sì í ṣe ìjà. Bí mo bá ti gbé òkèlè, ojú Dádì ni mo máa ń rí, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn tó ti yọ síta, mo sì máa ń dá a padà sínú abọ́. Lánàá, lọ́sàn-án, wọ́n kọjá níwájú ilé ìdáná, wọ́n rí abọ́ mi tí mo bò mọ́lẹ̀ láti àárọ̀, wọ́n ṣí i, wọ́n wò ó. Wọ́n dé e padà. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ìró ìkòkò.

Mọ́mì, Dádì wọ ilé ìdáná. Dádì tí kò mọ ibi tí iyọ̀ wà. Wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n bẹ iṣu, èèpo rẹ̀ nípọn tó fi jẹ́ pé ìdajì iṣu ló bá a lọ. Mo sáré wọlé láti gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí n lọ jókòó. Wọ́n din ẹyin, ẹyin jóná. Wọ́n gbé e wá síwájú mi, wọ́n sì di ẹ̀yìn àga mú kí wọ́n má bàa ṣubú. Ètè wọn ti là. Èémí wọn ń rùn bí èso tó pọ́n jù, mo sì mọ ohun tí òórùn yẹn túmọ̀ sí, ó wà nínú ìwé mi pé ọ̀rá tó ń tú ti ń sọ ẹ̀jẹ̀ di májèlé.

"Jẹun."

"Mi ò gbààwẹ̀, Dádì. Kò kàn wù mí jẹ ni, sà."

"Mo ní kó o jẹun." Wọ́n sún abọ́ náà mọ́ mi. "Ẹnì kan ti gbààwẹ̀ fún mi rí. Ọdọọdún ló ń gbà á, èmi ń jẹ ẹja lójú ẹ̀. Oṣù tó tẹ̀lé ààwẹ̀ èṣí, a gbé e sin. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé tèmi rù mọ́ láyé yìí. Jẹun, ọmọ mi."

Áà, Mọ́mì. Gbogbo ìgbà tí mò ń sọ̀rọ̀ ọ̀rá àti ẹ̀dọ̀, ọ̀rọ̀ yín ló wà lọ́kàn wọn. Wọ́n ń pariwo ọ̀tá fún wa, àṣé ẹ̀bi ara wọn ni wọ́n ń gbààwẹ̀ lé lórí. Oṣù tó tẹ̀lé ààwẹ̀ ọdún tó kọjá lẹ ṣubú ní bálùwẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà sọ. Ẹ kì í lo oògùn yín lásìkò ààwẹ̀, àbí ẹ máa ń lò ó? Ṣé ẹ máa ń lò ó tí a kì í rí yín ni? Mo lè ṣàlàyé ibi tí ṣúgà ti wá fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Èyí tí Dádì béèrè, tí wọn ò là sọ ní ìbéèrè, bóyá ààwẹ̀ tí ẹ gbà fún wọn ló pa yín, mi ò ní ìdáhùn sí i, ẹ̀yin nìkan lẹ ní in, ẹ sì ti gbé e lọ.

Mo jẹun. Mo jẹ iṣu, mo jẹ ẹyin tó jóná, omijé ń kán sínú rẹ̀, Dádì sì dúró tì mí, wọ́n ń wo ọwọ́ mi láti abọ́ dé ẹnu títí mo fi jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Kí ó tó tán, mo ti na iṣu kan sí wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n mi orí. Wọ́n gbé abọ́ náà lọ fọ̀ fúnra wọn.

Láàárọ̀ yìí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Mò ń gbọ́ ohùn àdúrà wọn láti yàrá bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ti lọ sílẹ̀ gan-an. Mo ti pe Bọ̀dá pé kí wọ́n máa gbé mọ́tò bọ̀, kí a gbé wọn lọ sí Amúwo bí wọn ò bá lè dìde mọ́, nítorí ohun tó kù tí mo lè ṣe ni kí n dúró dìgbà tí bàbá mi ò ní lágbára láti sọ pé rárá.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì yó.